Èébú Òkèbàdàn Nínú Àwo Orin

Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ni Òkèbàdàn máa ń yọ̀ǹda ẹnu fún wa. Ní ọjọ́ náà a kì í dáná nílẹ̀ Ìbàdàn. Ọmọdé lè bú àgbà, tálákà lè fi olówó ṣẹ̀sín, orin tí ìyá ń torí rẹ̀ gbá ọmọ lẹ́nu ní ọjọ́ yòókù ni gbogbo agboolé yóò jùmọ̀ máa gbè. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó parí nìyẹn. Ẹni tí ó bá tún dá irú orin bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ yóò rí nǹkan. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa àwo *Unlimited Liability Company*, tí Túnjí Oyèlànà àti àwọn Benders rẹ̀ kọ ní 1983, kò ju èyí lọ: ó yá àyè lọ́wọ́ Òkèbàdàn, ó sì kọ̀ láti dá a padà nígbà tí ilẹ̀ ṣú.

Wọlé Ṣóyínká ni ó ṣẹ̀dá orin inú rẹ̀. Oyèlànà ni ó fi ohùn gbé e. Àwọn méjèèjì kì í ṣe àlejò ara wọn, nítorí láti ìgbà ẹgbẹ́ òṣèré Orísun ní Ìbàdàn, ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú, ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Wọn kò gbé àwo náà lọ bá ilé-iṣẹ́ aláwo ńlá kankan. Ewúro Productions ni orúkọ tí ó wà lára rẹ̀, orúkọ náà sì yẹ ẹ́.

Kí ẹni tí a kò tíì bí nígbà náà lè mọ ìdí tí a fi lè sọ àwo di ohun ìjà, ó yẹ kí a rántí ohun méjì. Ní 1964, ìjọba Akíntọ́lá fòfin de ẹgbẹ́ Hubert Ògúndé ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn nítorí *Yorùbá Ronú*, òfin náà kò sì kúrò lọ́rùn rẹ̀ títí àwọn ológun fi gbàjọba ní 1966. Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn kò ṣòro í tì. Ní oṣù kẹwàá 1965, ẹnìkan wọ ilé-iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, ó fi téèpù mìíràn rọ́pò èyí tí Akíntọ́lá ti sọ̀rọ̀ sí. Ṣóyínká ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ sì dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú téèpù ọ̀hún kò jìnnà tí wọ́n fi gé e. Ọdún 18 lẹ́yìn náà ni àwo yìí dé, kò sì sí bọ́tìnì tí ìjọba lè tẹ̀ tí yóò pa á. Ẹni tí ó bá ra ẹyọ kan lè dà á sí kásẹ́ẹ̀tì fún ogún ènìyàn. Àwọn aṣàdàkọ tí gbogbo olórin ń ṣẹ́ èpè lé, àwọn gan-an ni irú orin báyìí nílò.

Ọdún ìdìbò ni 1983. Láti 1982 ni ìjọba Shehu Shagari ti kéde pé kí gbogbo ìlú fún ṣòkòtò pọ̀. Ìgbìmọ̀ tí Umaru Dikko ṣe alága rẹ̀ ló ń bójú tó ìrẹsì òkèèrè. Àwọn kan náà tún gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Ethical Revolution, pé kí aráàlú tún ìwà ṣe! Níbi tí olè bá ti ń wàásù, alápàárá kò níṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Orin tí gbogbo ayé mọ̀ jù nínú àwo náà, "I Love My Country", kàn ń to ohun tí ojú rí lẹ́sẹẹsẹ ni: ẹni tí ó jí kọ́bọ̀ rẹ̀wọ̀n he, ẹni tí ó jí mílíọ̀nù gba oyè.

Ibi tí mo ti ń kan sáárá sí Oyèlànà ni pé kò pariwo. Fẹlá, bí ó bá ń fi ìjọba ṣe yàbís, yóò bínú, yóò jẹ́ kí a mọ̀ pé òun ń bínú. Oyèlànà ń kọ ọ́ bí àgbàlagbà tí ń ròyìn ọmọ rẹ̀ tí ó yàyàkuyà: ohùn rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ ń gbọgbẹ́. Nítorí náà ni n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ní ẹ̀fẹ̀ lásán ni ìfẹ́ tí ó wà nínú àkọlé orin yẹn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀fẹ̀ nìkan ni, ìgbà kejì tí a bá gbọ́ ọ ni yóò ti sú wa. Èébú Òkèbàdàn ń bú ẹlòmíràn. Orin yìí ń bú ilé tí akọrin fúnra rẹ̀ ń gbé, kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Àkọlé àwo náà sọ ọ́ ṣáká: ilé-iṣẹ́ tí gbèsè rẹ̀ kò lópin ni Nàìjíríà, àwa tí a kò sí níbi tí wọ́n ti ń pín èrè ni a ó sì san án.

Àwọn kan ń bèèrè ìdí tí kò fi jẹ́ Yorùbá ni wọ́n fi kọ orin náà, tí ó fi jẹ́ gẹ̀ẹ́sì adàmọ̀dì. Ẹ wo Ring Road wa níhìn-ín. Pápá ìṣeré tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ síbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1960, Liberty ni wọ́n sọ ọ́. 2010 ni wọ́n tó fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè é. Ìlú Awólọ́wọ̀ ni ìlú yìí ní 1983, Bọ́lá Ìgè ti ẹgbẹ́ UPN sì ni gómìnà. Ẹni tí ó bá fi Yorùbá kọrin bú Shagari láti Challenge dé Dùgbẹ̀ nígbà náà, orin ẹgbẹ́ ni wọn yóò pè é, Káńò àti Ẹnúgu kò sì ní dá sí i. A pàdánù ohun kan, n kò jiyàn: ìjìnlẹ̀ òwe tí Ògúndé ní lọ́wọ́ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó lè fi orin náà ṣe tirẹ̀.

Àwo náà ní àléébù. Níbi tí ó ti ń ka ìṣẹ̀lẹ̀ ọ̀sẹ̀ bí ẹní ka ìwé ìròyìn, ọ̀dọ́ òde òní yóò nílò ògbufọ̀. Ìbéèrè kan sì wà tí kò yé é yọ mí lẹ́nu: ǹjẹ́ ẹ̀rín kì í tu ìbínú lójú? Ìlú gbọ́ orin, ìlú rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹjọ wọ́n kéde pé Shagari ló wọlé, pé Ọmọlolú Olúnlọ́yọ̀ ló gba ipò lọ́wọ́ Ìgè. Oṣù mẹ́ta péré ni Olúnlọ́yọ̀ lò. Ní 31 oṣù kejìlá, àwọn ológun dé.

Ní 1986 Ṣóyínká gba ẹ̀bùn Nobel. Nígbà tí wọ́n fún Bob Dylan, onígìtá ará Amẹ́ríkà, ní irú ẹ̀bùn náà ní 2016, ariwo ta pé kí ni olórin ń wá láàárín òǹkọ̀wé. Òǹkọ̀wé tiwa ti lọ sáàárín àwọn olórin ní ọdún mẹ́ta kí ó tó gba tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tí ó bi í léèrè.

Orin náà búra pé inú orílẹ̀-èdè yìí ni akọrin yóò máa gbé títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ní 1994 Ṣóyínká sá kúrò lọ́wọ́ Abacha. Ní 1995 Oyèlànà wà ní Leeds, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe *The Beatification of Area Boy*, eré Ṣóyínká tí ó ń bá a fi orin sí; Lọ́ńdọ̀nù ni ó fi ṣe ibùgbé lẹ́yìn náà. Ẹ tún fi àwo náà sí i, kí ẹ gbọ́ bí ó ti ń búra.