Eré àti Òǹkà ní Kíláàsì Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ní 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A', Modákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àpẹẹrẹ pàtàkì ni èyí fún olùkọ́ tó bá fẹ́ fi eré kọ́ni ní abúlé Akínyẹlé tàbí Lágelú lónìí. Eré tí kò gbé kókó ẹ̀kọ́ dání, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Bí ogún ọmọ bá tò, tí mẹ́rin jáde, ìrìn wọn ti túmọ̀ 'mẹ́rìndínlógún'. Bí mẹ́rin bá wọlé bá mẹ́wàá, 'mẹ́rìnlá' ti fojú hàn. Ara ń ṣe ohun tí ẹnu ń wí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́fà lé mẹ́wàá ni orúkọ 16 ń wí. Ìrìn àwọn tó jáde kò bá a mu mọ́. Ọmọ lè jó, ó lè rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ kí òǹkà má yé e. Ìdí nìyí tí ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ni, tí Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 tó sì wọ́gi lé ní 2025, fi kan eré inú kíláàsì. Bí a bá mú èdè tó bí òǹkà kúrò, ìdárayá nìkan ló kù.