Ọ̀pọ̀ Ẹnu Kì í Ṣe Ẹ̀rí

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹni mẹ́wàá ńkọ́, tó kàn ka iye ẹnu láì yẹ ẹ̀rí wò? Ìbéèrè yìí ni mo ní fún ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣọ́ ìgbì rédíò tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ jọ ń lò.

Ẹ jẹ́ ká pe iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn tó gba ìwé àṣẹ ní onílé. Àlejò ni ẹ̀rọ tó fẹ́ lo ìkànnì náà nígbà tí onílé kò bá lò ó. Àlejò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́tí. Ṣùgbọ́n òkè tàbí ògiri lè dí etí ẹ̀rọ kan, nítorí náà àwọn àlejò púpọ̀ a jọ tẹ́tí, wọn a sì fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ kan tí yóò dájọ́.

Ibẹ̀ ni òpùrọ́ ń gbà wọlé. Bí òfin bá ní kí gbogbo àlejò jáde nígbà tí ẹyọ kan bá ti sọ pé onílé wà ńlé, òpùrọ́ kan lè fi ariwo lé àwọn yòókù lọ, kó sì dá ìkànnì náà lò.

Ní ọdún 2008, Ruiliang Chen, Jung-Min Park àti Kaigui Bian gbé àtúnṣe kan jáde. Ẹ̀rọ tí ìròyìn rẹ̀ bá ìdájọ́ mu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò túbọ̀ wúwo. Èyí tí kò bá a mu, tirẹ̀ yóò fúyẹ́. Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì ń dín agbára òpùrọ́ kù. Àléébù tí mo rí ni pé inú ìròyìn àwọn ẹ̀rọ yìí kan náà ni ìdájọ́ ti wá. Bí òkè bá bo méje nínú mẹ́wàá, àwọn mẹ́ta tó gbọ́ onílé ketekete ni yóò di òpùrọ́.

Ìsàlẹ̀ òkè ni ilé wa wà nígbà tí mo wà ní kékeré. Rédíò bàbá mi kì í gbé ìròyìn táwọn ará orí òkè ń gbọ́. Bàbá mi pààrọ̀ bátìrì títí, a sì ti fẹ́ sọ ọ́ nù kí ó tó gbé e gun òkè lọ́jọ́ kan. Kíá ló sọ̀rọ̀. Rédíò náà kò purọ́ rí. Ibi tí a gbé e sí ni.

Ní Amẹ́ríkà, lórí ìgbì 3550 sí 3700 MHz, rádà ọkọ̀ ogun ojú omi wà lára àwọn onílé. Òfin tí àjọ FCC ṣe ní ọdún 2015 kò fi títẹ́tí sí rádà yìí lé àlejò lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀rọ tí a fọwọ́ sí ló ń tẹ́tí létí òkun. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn jù, bó tilẹ̀ ní ìnira tirẹ̀: a ní láti dín ariwo àwọn àlejò kù ní àyíká ẹ̀rọ wọ̀nyí kí wọ́n lè gbọ́ràn.

Níbi tí kò bá ti sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ohun tó dá wa lójú dán àlejò wò: iléeṣẹ́ tí a mọ̀ pé ó wà lórí afẹ́fẹ́, àti ibi tí ẹ̀rọ náà wà. Ẹ̀rọ tí kò gbọ́ràn yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tó ń purọ́. Ìdájọ́ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yẹn, olóòótọ́ ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.