Àwòrán Ọpọlọ Kì í Ṣe Ẹsẹ̀ Aláìsàn: Àyẹ̀wò Ìwádìí HERMES

Ọdún 2008 ni èsì ìwádìí HERMES lórí àìsàn multiple sclerosis jáde nínú New England Journal of Medicine. Aláìsàn 104 ló kópa: 69 gba rituximab, oògùn antibody tó ń pa sẹ́ẹ̀lì B inú ẹ̀jẹ̀, 35 gba omi tí kò ní oògùn nínú. Wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán ọpọlọ wọn, wọ́n sì ka egbò tí gadolinium mú tàn. Láti ọ̀sẹ̀ 12 sí 24, àròpọ̀ egbò jẹ́ 0.5 ní ìpíndọ́gba fún àwọn tó gba oògùn, 5.5 fún àwọn yòókù.

Iṣẹ́ gidi ni. Kíka egbò ló jẹ́ kí èrò díẹ̀ àti oṣù díẹ̀ tó láti rí agbára oògùn. Bí a ṣe ń túmọ̀ èsì náà ni mo ń bá wí. Egbò tó tàn ń sọ pé ààbò tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ ti jò. Kò sọ bóyá aláìsàn á lè rìn lọ́dún tó ń bọ̀. OLYMPUS ti ọdún 2009 jẹ́rìí sí i. Nínú aláìsàn 439 tí àrùn wọn ń le díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, rituximab dín ìgbòòrò egbò inú àwòrán kù, àmọ́ ìwádìí náà kò lè fi hàn pé ó dá àìlera dúró.

Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi rituximab sínú àkójọ oògùn kòṣeémáàní fún àìsàn yìí. Aláìsàn Kambolé, tó gbọ́dọ̀ gba Tchamba kọjá lọ sí ilé ìwòsàn agbègbè ní Sokodé, ńkọ́? A nílò àwòrán láti dá àrùn náà mọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí àwòrán nìkan bá ni ẹ̀rí pé oògùn ń ṣiṣẹ́, a ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì lè fi aago ọwọ́ wo bí ó ṣe yá tó nínú ìrìn ẹsẹ̀ bàtà 25, ìdíwọ̀n tí àwọn onímọ̀ àrùn yìí fúnra wọn ń lò. Ní Kambolé gan-an ni wọ́n lè ṣe é.

Ohun kan tún wà tí àwòrán ọpọlọ kò lè fi hàn. Rituximab lè jí kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀ B tó sùn sínú ara, àrùn náà sì wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́. Ìwádìí tó bá fẹ́ wúlò fún wa gbọ́dọ̀ ka egbò, kó wo ìrìn, kó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.