Ìwé idxd Nínú Kernel Linux: Àlàyé Wà, Ìtẹ̀léra Kò Sí

Àwọn tó ń kọ kernel Linux ní fódà kan nínú ìwé àlàyé wọn tí wọ́n ń pè ní ABI. Àdéhùn ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń fi sọ fún gbogbo ẹni tó ń lo kernel náà pé fáìlì báyìí yóò máa wà níbi báyìí, ohun báyìí ni ẹ ó máa bá nínú rẹ̀, ẹ sì lè gbọ́kàn lé e. Èyí tó ṣì lè yí padà, abẹ́ "testing" ni wọ́n ń fi í sí. Èyí tó bá bọ́ sábẹ́ "stable" ni wọ́n ti fọwọ́ sọ̀yà lé lórí pé, ó kéré tán fún ọdún 2, ohun tó ń ṣiṣẹ́ lónìí yóò ṣì máa ṣiṣẹ́. Abẹ́ "stable" yìí ni ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò wà. Orúkọ rẹ̀ ni sysfs-driver-dma-idxd, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè tipasẹ̀ kernel ṣètò ẹ̀rọ amúṣẹ́yá Intel tí wọ́n ń pè ní Data Streaming Accelerator, DSA ní kúkúrú.

Ká tó wọ inú ìwé, ó yẹ ká mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Nínú sáfà ńlá, àkókò tí CPU ń lò láti kó dátà kiri inú mẹ́mórì kì í ṣe kékeré: kó tibí lọ sọ́hùn-ún, wo méjèèjì bóyá wọ́n bára mu, ṣírò CRC kí a lè mọ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́nà. Iṣẹ́ alábàárù ni. Kò gba ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ó ń jẹ àsìkò ẹni tó ní iṣẹ́ ọpọlọ láti ṣe. DSA ni alábàárù tí Intel gbà síṣẹ́ fún CPU. Ilé iṣẹ́ náà kéde rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2019. Linux 5.6, tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2020, ti ní idxd, driver tó ń darí rẹ̀, nínú. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò dé ọjà gbangba títí di oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí Intel gbé Xeon ìran kẹrin jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Sapphire Rapids. Ẹ kíyè sí àlàfo nǹkan bí ọdún 3 yẹn. Ìwé yìí ti wà nílẹ̀ kí ọ̀pọ̀ àwọn tí yóò lò ó tó fojú kan ẹ̀rọ náà, mo sì rò pé ó hàn nínú bí wọ́n ṣe kọ ọ́: ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà dunjú ló ń bá ẹni tó mọ̀ ọ́n dunjú bíi tirẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohun mẹ́ta la ní láti tò lórí DSA. Èkínní ni ìlà iṣẹ́, tí kernel ń pè ní wq, níbi tí iṣẹ́ ti ń dúró de ẹni tó máa ṣe é. Èkejì ni engine, tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀kẹta ni group, tó so ìlà pọ̀ mọ́ engine. Lórí Sapphire Rapids, DSA kọ̀ọ̀kan ní ìlà 8, engine 4 àti group 4, àyè 128 ló sì wà láti pín fún gbogbo ìlà ọ̀hún. Kernel gbé gbogbo rẹ̀ síta bíi fáìlì lábẹ́ /sys/bus/dsa/devices. Ẹ wọ fódà wq0.0, ẹ ó bá group_id, size, mode, type, priority, threshold àti name níbẹ̀. Ẹ fi cat kà wọ́n, ẹ fi echo kọ wọ́n, ó parí.

Ó yẹ ká yìn wọ́n fún èyí. Ẹ̀rọ tó díjú tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó jókòó sídìí sáfà pẹ̀lú shell nìkan lè mọ bó ṣe wà. Fáìlì state á sọ fún un bóyá ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́, clients á sọ iye àwọn tó ń lò ó, pasid_enabled á sọ bóyá PASID, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àyè mẹ́mórì púrógíráàmù kọ̀ọ̀kan mọ̀, wà ní títàn. Kò sí ohun tí wọ́n bò mọ́lẹ̀. Ohun tó tún wú mi lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀rọ̀ token. Fáìlì kan wà tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ max_tokens, òmíràn ń jẹ́ token_limit. Nígbà tó yá, Intel yí orúkọ nǹkan náà padà sí read buffer nínú ìwé ẹ̀rọ tirẹ̀. Linux 5.17 gba orúkọ tuntun wọlé, ó fi max_read_buffers àti read_buffer_limit kún un, ṣùgbọ́n kò pa fáìlì àtijọ́ rẹ́. Ẹni tó bá ṣì ń lò wọ́n, kernel á kìlọ̀ fún un nínú log pé orúkọ ti yí, á sì dá a lóhùn bó ṣe ń dá a lóhùn tẹ́lẹ̀. Báyìí ló yẹ kí ẹni tó bá èèyàn dá májẹ̀mú máa ṣe.

Àbùkù ìwé náà wà níbòmíràn, kò sì kéré. Ẹ jẹ́ ká ní a fẹ́ ṣí ìlà kan fún púrógíráàmù tiwa. A ó kọ 0 sínú group_id engine0.0, a ó kọ 0 kan náà sínú ti wq0.0, kí àwọn méjèèjì lè wà nínú group kan. A ó kọ dedicated sínú mode, 16 sínú size, 10 sínú priority, user sínú type, a ó sì sọ ìlà náà lórúkọ. Lórí kernel tuntun, a ó tún kọ user sínú driver_name. Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti tò tán la tó lè so dsa0 mọ́ driver idxd, ká wá so wq0.0 mọ́ driver user. Bó bá yọrí, /dev/dsa/wq0.0 á yọ jáde, púrógíráàmù wa á sì rí ibi gbé iṣẹ́ lé.

Ká ní a ti so dsa0 ná, ká tó rántí size ńkọ́? Kernel á kọ̀ jálẹ̀, ohun tó sì máa sọ ni "Operation not permitted". Root ni yín, gbogbo àṣẹ wà lọ́wọ́ yín, síbẹ̀ ó ní ẹ kò láṣẹ. Ẹni tí kò mọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àṣẹ orí fáìlì wò, á lọ tú SELinux wò, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó kàn ṣe kò ju pé ó fi èyí tó yẹ kó gbẹ̀yìn ṣíwájú. Tàbí kí ẹ fún wq0.0 ní 100, kí ẹ wá fẹ́ fún wq0.1 ní 64. "Invalid argument" lẹ ó gbọ́. 64 kò lẹ́ṣẹ̀ kankan lọ́rùn. Àròpọ̀ òun àti 100 ló kọjá 128. Ìwé náà sọ ohun tí size jẹ́, ó sọ ohun tí group_id jẹ́, gbólóhùn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí fáìlì náà wọlé àti kernel tó bá a wọlé. Kò síbi tó ti sọ èyí tí a ń kọ́kọ́ ṣe, kò sì síbi tó ti sọ pé bí a bá ti ṣe tibí, ilẹ̀kùn tọ̀hún ti tì.

Ká má baà rẹ́ àwọn tó kọ ọ́ jẹ, apá kan ìṣòro yìí ti ọ̀dọ̀ sysfs fúnra rẹ̀ wá, ìyẹn ètò tó ń gbé àwọn fáìlì abẹ́ /sys yìí síta, èyí tó ti wà láti ìgbà Linux 2.6 ní ọdún 2003. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí fáìlì kan gbé iye kan. Ìlànà tó dára ni, òun ló jẹ́ kí cat àti echo tó. Àmọ́ kò fàyè sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ sọ pé, gba gbogbo ètò yìí lẹ́ẹ̀kan náà, wò wọ́n bóyá wọ́n bára mu, kó o tó fọwọ́ sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni iye ń wọlé, ìgbà tí a bá fẹ́ tan ìlà la tó ń mọ̀ pé nǹkan kù. Àwọn tó ń bójú tó idxd rí i, wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí i: wọ́n sọ fáìlì cmd_status di ibi tí àṣìṣe ètò tó kẹ́yìn ń sá sí. Bí ẹ bá bá 0x80030000 níbẹ̀, ìlà yín kò ní group. Bó bá jẹ́ 0x80060000, ìlà tí ẹ fẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ máa lò kò ní threshold. Ìrànlọ́wọ́ gidi ni. Ìwé náà dárúkọ cmd_status, ó tilẹ̀ sọ pé bí a bá kọ nǹkan sínú rẹ̀ á pa àṣìṣe náà rẹ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn, inú idxd.h lẹ ó ti lọ wá a, láàárín kóòdù.

Ẹnì kan lè ní irú ìwé yìí kì í gba àlàyé ìtẹ̀léra. Ìwé mìíràn láti ilé iṣẹ́ kan náà ti já a nírọ́. Intel ní ẹ̀rọ amúṣẹ́yá mìíràn fún ìpàrokò dátà àti fífún un pọ̀, QAT. Ìwé tirẹ̀, sysfs-driver-qat, bá Linux 6.0 wọlé. Ó sọ ọ́ ketekete pé bí ẹ̀rọ náà kò bá sí ní ipò down, ẹ kò lè fọwọ́ kan cfg_services, ó sì to àṣẹ náà sílẹ̀ tẹ̀léra: kọ down sínú state, kọ iṣẹ́ tí o fẹ́ sínú cfg_services, kọ up sínú state padà. Ìlà díẹ̀ ni, ẹni tó bá kà á kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Abẹ́ "testing" ni ìwé yẹn sì wà.

Èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé kí a lo accel-config, irinṣẹ́ tí Intel ṣe fún iṣẹ́ yìí. Irinṣẹ́ tó dára ni, n kò jiyàn. Ẹ kọ ètò yín sínú fáìlì JSON, ẹ fi load-config gbé e wọlé, òun fúnra rẹ̀ mọ èyí tó ń ṣíwájú. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìmọ̀ náà ti bọ́ sínú púrógíráàmù kan dípò kó wà nínú àdéhùn. Ẹni tó fẹ́ fi Go tàbí Rust kọ tirẹ̀, tàbí tó ní container kékeré tí kò fẹ́ kó ẹrù púpọ̀ sí, á ní láti ka kóòdù accel-config kó tó mọ ohun tí ìwé "stable" yẹ kó ti sọ fún un.

Ààlà tó pín ṣíṣètò ẹ̀rọ níyà sí gbígbé iṣẹ́ fún un ti fakọ yọ ní tirẹ̀. Linux 5.13 pa ENQCMD, àṣẹ CPU tí ìlà àjọlò gbára lé, nítorí pé bí kernel ṣe ń tọ́jú PASID kò dára tó, 5.18 ló dá a padà ní ọdún 2022. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àléébù kan hàn nínú irú àkọ́kọ́ ẹ̀rọ náà, CVE-2024-21823, kernel sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè CAP_SYS_RAWIO lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi mmap dé orí ìlà náà tààrà. Ó wá la ọ̀nà write() sílẹ̀ fún àwọn yòókù. Nínú méjèèjì, group_id ṣì ni group_id, size ṣì ni size.

Nítorí náà, ojúlówó iṣẹ́ ni mo ka ètò yìí sí, ìwé rẹ̀ ni kò tíì dé ojú ìlà. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú idxd, ẹ fi ìtẹ̀léra náà kún un, ẹ kọ ìtumọ̀ nọ́ńbà cmd_status sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ ìgbà tí "Operation not permitted" ń túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ti wà ní títàn. Ẹ̀yin òǹkàwé tí Xeon irú yìí wà níkàáwọ́ yín, ẹ má dúró dè wọ́n: Linux ń gba àtúnṣe ìwé àlàyé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fi orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ohun tó kọ.