Idán àti Ìwà nínú Sinimá Yorùbá

Níbi tí olólùfẹ́ sinimá Yorùbá méjì bá ti pàdé, ọ̀rọ̀ idán kì í pẹ́ délẹ̀. Ọ̀kan yóò ní eré tí kò bá sí ọfọ̀ àti àràmàǹdà nínú rẹ̀ dà bí ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀. Èkejì yóò ní ohun náà gan-an ni ó ń ba eré wa jẹ́. Kò sí èyí tí ó jàre tán nínú àwọn méjèèjì. Idán kì í dédé ba eré jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ni ó ń sọ eré di rere. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni iṣẹ́ tí idán náà wá ṣe: ṣé ó wá dán ìwà ènìyàn wò ni, tàbí ó wá gba ipò ìwà? Sinimá mẹ́rin tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti gbọ́ orúkọ wọn tó láti fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Àwọn náà ni Aiyé, Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, Ṣaworoidẹ àti Aníkúlápó.

Ní ọdún 1979 ni Hubert Ògúndé ṣe Aiyé. Ọlá Balógun, tí ó kọ́ iṣẹ́ sinimá ní ilẹ̀ Faransé, ni olùdarí rẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà tí Ògúndé ti ń gbé eré orí ìtàgé rìn láti ìlú dé ìlú, ìrírí náà sì hàn nínú sinimá yìí. Orin rẹ̀ dùn, ijó rẹ̀ gún régé. Ògúndé fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, ẹni tí ń gba ìlú lọ́wọ́ àwọn àjẹ́. Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọfọ̀, ọ̀rọ̀ a máa tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní lè fi ọgbọ́n kámẹ́rà ìgbà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè dénú tí yóò fi ọfọ̀ náà rẹ́rìn-ín.

Ibòmíràn ni àléébù eré náà wà. Àwọn àjẹ́ inú rẹ̀ ti burú kí a tó pàdé wọn. A kò rí ohun tí ó sọ wọ́n di ẹni ibi; a kò rí ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn dúró ní oríta, tí ó ronú, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ibi. Àwọn ará ìlú pẹ̀lú kò rí iṣẹ́ gidi kan ṣe ju kí wọ́n jìyà, kí wọ́n sì máa retí olùgbàlà lọ. Agbára ni ó bá agbára jà, èyí tí ó pọ̀ jù ni ó sì borí. Bí a bá yọ idán kúrò nínú Aiyé, orin àti ijó ni yóò kù. Ìtàn kò ní kù.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ eré lásán lọ. Yorùbá a máa pa á lówe pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Ọgbọ́n wà nínú òwe náà bí a bá fi bá ẹni tí ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọmọnìkejì wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbà á bí ẹ̀rí tí kò ṣeé já ní koro kò ní bèèrè mọ́ bóyá ibà ni ó pa ọmọ tàbí èéyi. Ilé arúgbó tí ń dá gbé ní ẹ̀yìn àdúgbò ni yóò kọjú sí. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá ti wo eré lórí eré, tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ ìyá àgbà ni gbogbo àìsàn inú wọn ti wá, ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó kò ní tètè wọ̀ ọ́ létí. Ògúndé kọ́ ni ó dá ìgbàgbọ́ yìí sílẹ̀, kò sì tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi lé e lórí. Ṣùgbọ́n àṣeyọrí Aiyé la ọ̀nà fún àwọn tí ó tẹ̀ lé e, púpọ̀ nínú wọn sì mú idán rẹ̀, wọ́n fi orin rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọdún 1993, Túndé Kèlání gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde. Kareem Adépọ̀jù, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Wándé, ni ó ṣe Ọ̀tún, olóyè tí ó lọ́wọ́ nínú títa ilẹ̀ ọ̀wọ̀ tí àwọn baba ńlá fi sílẹ̀, kí a lè kọ́ ilé epo sí orí rẹ̀. Èpè ilẹ̀ jà, ikú sì wọ ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀, kì í ṣe èpè ni ó kọ́kọ́ dé. Owó ni ó kọ́kọ́ dé iwájú olóyè, olóyè sì na ọwọ́ gbà á. Òǹwòran yóò fi Ọ̀tún rẹ́rìn-ín títí, kí ó tó rántí ẹnìkan ní ìlú tirẹ̀ tí ó jọ ọ́. Bí a bá yọ èpè kúrò nínú eré yìí, irú ẹjọ́ ilẹ̀ tí ó kún kóòtù wa ni yóò kù, ìyẹn nìkan sì tó ìtàn. Àléébù rẹ̀ kò ju pé ó gùn lọ: apá mẹ́ta ni a pín in sí, ohun tí ó ní í sọ kò sì tó bẹ́ẹ̀.

Ṣaworoidẹ, tí Kèlání ṣe ní ọdún 1999 láti inú ìtàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, ni ó lo idán dára jù lọ nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ìlú Jogbo, ẹni tí yóò jọba gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́, kí ó fi bá adé idẹ àti ìlù ṣaworoidẹ mulẹ̀. Ẹni tí ó bá dé adé láìmulẹ̀, bí ìlù náà bá dún, ó di ẹni ikú. Lápité kọ̀, kò sín gbẹ́rẹ́, nítorí ó mọ̀ pé ọba tí ó bá mulẹ̀ kò lè kó owó ìlú jẹ. Àwọn agégẹdú ń sanwó fún ààfin, igbó ń tán, àwọn ọ̀dọ́ sì dìde. Nígbẹ̀yìn, ológun kan tí ń jẹ́ Lágátà gba adé mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 1999 yẹn kan náà ni ìjọba ológun kógbá sílé ní Nàìjíríà, nítorí náà kò sí òǹwòran tí ó nílò kí a túmọ̀ Lágátà fún un.

Idán inú eré yìí dúró bí òfin. Ìlù kò pa ẹnikẹ́ni láìnídìí. Ohun tí ó ń bèèrè ni pé, ṣé ìwọ tí o gun orí oyè gbà kí ìlú dè ọ́? Ènìyàn ni ó dáhùn, èsì tí ó fọ̀ sì ni ó pa á tàbí tí ó gbà á là. Èdè rẹ̀ tún bá èrò rẹ̀ mu, pàápàá lẹ́nu Ọ̀pálàǹbà, tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe, ẹni tí ààfin kà sí ọ̀mùtí tí ó sì jẹ́ pé òun ni ó ń sọ òtítọ́. Àléébù kan wà níbẹ̀ ṣá o. Ní òpin eré, ìlù ni ó ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí gbogbo ìlú parapọ̀ ṣe. Bóyá Kèlání àti Ìṣọ̀lá pẹ̀lú rí èyí, nítorí nínú Agogo Èèwọ̀, tí ó jáde ní ọdún 2002, ọba titun dé orí oyè, ó sì bá àwọn ìjòyè ọ̀jẹ̀lú níbẹ̀ síbẹ̀.

Kúnlé Afọláyan, tí ó ṣe Arẹ́sẹ̀jábàtà nínú Ṣaworoidẹ, ni ó darí Aníkúlápó ní ọdún 2022. Sàró, ahunṣọ òfì, wọ Ọ̀yọ́, ó sì ń fẹ́ Arólákẹ́, aya ọba, ní ìkọ̀kọ̀. Àṣírí tú, wọ́n sì lù ú pa. Ẹyẹ àkàlà jí i dìde, Arólákẹ́ sì já àdó tí a fi ń jí òkú gbà mọ́ ẹyẹ náà lọ́wọ́. Ní ìlú mìíràn Sàró di ajíni-ní-ikú, ó di ọlọ́lá, ó sì gbàgbé obìnrin tí ó gbà á là. Nígbà tí ọmọ ọba kú, ó ní àfi bí wọ́n bá fi ọmọbìnrin ọba san owó iṣẹ́ òun. Ọjọ́ náà gan-an ni agbára já a kulẹ̀. Àdó kò sọ Sàró di olójúkòkòrò. Ó kàn fún ojúkòkòrò rẹ̀ ní àyè láti dàgbà ni. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí. Ṣùgbọ́n aṣọ àti ilé inú eré náà mọ́ jù, bí ẹni pé àlejò ni a tò wọ́n kalẹ̀ dè. Arólákẹ́ pẹ̀lú, tí ó ṣe iṣẹ́ tí ó tóbi jù, kò rí ẹnu tó láti sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi sinimá kọ́ni kò nílò láti fi òfin de èyíkéyìí nínú wọn. Kí ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún ìtàn sọ láìdárúkọ idán kankan. Ẹni tí ó wo Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ yóò sọ ti olóyè tí ó ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó wo Ṣaworoidẹ yóò sọ ti olórí tí ó kọ̀ kí òfin de òun. Ẹni tí ó wo Aníkúlápó yóò sọ ti ọkùnrin tí ó gbàgbé ẹni tí ó ṣe é lóore. Ẹni tí ó wo Aiyé yóò dákẹ́ díẹ̀. Kí olùkọ́ má ṣe yára bá a dáhùn. Kí ó jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bèèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu òun. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí gbogbo kíláàsì wá kọ́ orin Ògúndé, nítorí orin náà kò ní láti ṣègbé.

Àwọn àgbà ní ìwà ni òrìṣà. Bí a bá ti hù ú sí ni í fi í gbe ni. Eré tí kò bá gbàgbé èyí lè kó gbogbo idán ayé jọ sí ojú kan, kò ní ṣi ọmọ lọ́nà.