Àdàkọ, Ògbufọ̀ àti 'Irú Ẹ̀jẹ̀': Àyẹ̀wò Èdè tí a Fi ń Ṣàlàyé DNA àti RNA

Ohun tí ó fa iṣẹ́ yìí ni ìbéèrè aáyan ògbufọ̀ kan nínú ìdánwò àṣedánrawò tí àwọn ilé-ìwé mélòó kan para pọ̀ ṣe. Àyọkà tí a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ sí Yorùbá dá lórí àyẹ̀wò tí ó yẹ kí ọkùnrin àti obìnrin ṣe kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn. Nínú ìlànà ìmáàkì tí a fún àwa olùmáàkì, 'irú ẹ̀jẹ̀' ni ìdáhùn fún ohun tí àwọn dókítà ń pè ní jẹ́nótáìpù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ 'jẹ́nótáìpù' sílẹ̀ pàdánù máàkì méjì. Wọ́n ní kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà rárá. Ní ìlà díẹ̀ sí i, àyọkà náà mẹ́nu ba O, A, B àti AB. Ìlànà ìmáàkì tún pe ìyẹn náà ní 'irú ẹ̀jẹ̀'. Ohun méjì, orúkọ kan.

Èrò wa ni pé àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti èdè nìkan. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe to DNA àti RNA, tí ó sì mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, kò ní í pe jẹ́nótáìpù ní irú ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì fi ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà, ọwọ́ àwa tí a ń kọ́ni ní èdè ni wọ́n ti yá a: lẹ́tà, àdàkọ, ògbufọ̀. Ó yẹ kí àwa tí a ni ọ̀rọ̀ lè sọ èyí tí ó bá a mu àti èyí tí kò bá a mu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo DNA fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1953 ni James Watson àti Francis Crick, ní Cambridge, gbé àpẹẹrẹ ìrísí rẹ̀ jáde. Àwòrán ìtànṣán tí Rosalind Franklin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yà ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù wà lára ẹ̀rí pàtàkì tí wọ́n gbára lé. Okùn méjì tí a lọ́ mọ́ra ni DNA. Ṣúgà kan tí ń jẹ́ dìọ́síráíbóòsì àti fọ́sífétì ni ó para pọ̀ di ẹ̀yìn okùn kọ̀ọ̀kan. Láti ara ṣúgà yìí ni bèésì mẹ́rin ti yọrí sínú: ádẹ́nínì, táímínì, gúánínì àti sáítósínì, tí lẹ́tà A, T, G àti C dúró fún. Lẹ́tà A kì í so mọ́ lẹ́tà mìíràn àfi T. Lẹ́tà G kì í so mọ́ lẹ́tà mìíràn àfi C. Okùn méjèèjì dojú kọ ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí orí ọ̀kan wà ni ìdí èkejì wà. Nítorí náà, bí a bá tú wọn sọ́tọ̀, ẹyọ kan ti tó láti mọ gbogbo ohun tí ó wà lára èkejì. Nípasẹ̀ èyí ni sẹ́ẹ̀lì kan ṣe ń pín sí méjì tí ìkọ̀ọ̀kan wọn sì ń rí DNA odidi mú lọ.

Àwọn òǹkọ̀wé kan ti ń lo 'apilẹ̀ àbùdá'. Ọ̀rọ̀ tí ó dára ni, ṣùgbọ́n níbì kan wọ́n á fi pe DNA, níbòmíràn wọ́n á fi pe jíìnì. Apá kan lára DNA, tí ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ pàtó, ni jíìnì. Nínú nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́ta ìsopọ̀ lẹ́tà tí ó wà nínú DNA ènìyàn, èyí tí ó ń sọ bí a ó ṣe to purotéènì kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó pe gbogbo DNA ní apilẹ̀ àbùdá dà bí ẹni tí ó pe bébà ní oríkì nítorí pé a kọ oríkì sí i lára. Kí apilẹ̀ àbùdá máa jẹ́ ti jíìnì. Kí DNA máa jẹ́ DNA.

'Àdàkọ' ni ó bá Yorùbá mu jù lọ nínú gbogbo wọn. DNA tí ó wà nínú kókó sẹ́ẹ̀lì kì í jáde lọ sí ibi iṣẹ́. Apá tí a nílò lára rẹ̀ ni a ń dà kọ sí RNA. Okùn kan ṣoṣo ni RNA sábà máa ń jẹ́, ráíbóòsì ni ṣúgà rẹ̀, ibi tí ó sì yẹ kí T wà, U ni a ó bá níbẹ̀. Ẹni tí ó ń da ọ̀rọ̀ kọ kì í yí èdè padà. Láti DNA sí RNA, èdè kan náà ni, àkọtọ́ ni ó yàtọ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí a bá da ìwé ayé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther kọ ní àkọtọ́ òde òní.

Ìgbésẹ̀ kejì ni ó gba àríyànjiyàn. Níhìn-ín èdè yí padà ní tòótọ́: a kúrò nínú lẹ́tà mẹ́rin ti RNA, a bọ́ sínú ogún amáínò ásíìdì tí a fi ń to purotéènì. Ráíbósóòmù ni ibi tí iṣẹ́ náà ti ń wáyé, òun sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò fẹ́ pè ní ògbufọ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ènìyàn ni ògbufọ̀: ẹni tí ó dúró láàárín ọba àti ajẹ́lẹ̀, tí ó gbọ́ ti ẹni yìí tí ó sì gbọ́ ti ẹni yẹn. Ta ni ó gbọ́ èdè méjèèjì nínú sẹ́ẹ̀lì? RNA kékeré kan ni, èyí tí a lè pè ní RNA agbẹ́rù. Ìpẹ̀kun rẹ̀ kan ń ka lẹ́tà mẹ́ta lára àdàkọ. Ìpẹ̀kun kejì di amáínò ásíìdì tí ó bá lẹ́tà mẹ́ta náà mu mú, èyí tí ẹ́ńsáìmù kan ti gbé lé e lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Ògbufọ̀ nìyí. Ráíbósóòmù ni ààfin tí ìpàdé ti ń wáyé. (RNA náà ni ó ń so amáínò ásíìdì kan mọ́ èkejì nínú ààfin ọ̀hún, kì í ṣe purotéènì, ọdún 2000 ni èyí hàn gbangba, kò sì tíì dé inú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kà.)

Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ni a ń kà, láìsí àlàfo láàárín. Ọ̀nà 64 ni a lè gbà to lẹ́tà mẹ́rin ní mẹ́ta mẹ́ta. 61 nínú wọn dúró fún amáínò ásíìdì, mẹ́ta tí ó kù jẹ́ àmì ìdánudúró. Nítorí pé ogún péré ni amáínò ásíìdì, ọ̀kan lè ní ju àkọsílẹ̀ kan lọ. GAA àti GAG, gílútámíìkì ásíìdì ni àwọn méjèèjì. Olùkọ́ Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí: 'aiye' ni kí àkọtọ́ 1974 tó dé, 'ayé' ni lẹ́yìn rẹ̀, ayé kan náà ni a sì ń gbé. Ṣùgbọ́n bí GAG bá di GUG, ọ̀ràn ti kúrò ní ti àkọtọ́. Fálínì ni GUG ń pè. Ní ipò kẹfà lára okùn bẹ́tà ti hẹmoglóbíìnì, okùn tí ó ní amáínò ásíìdì 146, ìyípadà ẹyọ kan yìí ni ó ń mú kí hẹmoglóbíìnì máa lẹ̀ mọ́ra nígbà tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá kúrò lára rẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì yóò sì tẹ̀ kọ́rọ́ bí dòjé. Àrùn tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde nìyẹn. Ìyàtọ̀ àmì ohùn tí ó wà láàárín ọkọ̀ àti ọkọ́ kò jù báyìí lọ.

A lè wá padà sí 'irú ẹ̀jẹ̀' báyìí. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, tí àrùn yìí ń bà jẹ́, kò ní DNA. Kí ó tó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ láti inú mùdùnmúdùn eegun ni ó ti sọ kókó rẹ̀ nù. Àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn wa sì ń ṣe kì í wo DNA rárá. Hẹmoglóbíìnì ni wọ́n ń fi iná mànàmáná lé kiri lójú bébà pẹlẹbẹ kan. Ti S kì í yára tó ti A. A jẹ́ pé iṣẹ́ ògbufọ̀ ni wọ́n kà, wọ́n sì fi mọ ohun tí ó wà nínú ìwé àkọ́kọ́ tí wọn kò ṣí. Ọ̀tọ̀ pátápátá ni ọ̀rọ̀ O, A, B àti AB. Orí kúrómósóòmù kẹsàn-án ni jíìnì ti ìyẹn wà, ti hẹmoglóbíìnì wà lórí ìkọkànlá. Ẹni tí ó jẹ́ O lè jẹ́ AA, ó lè jẹ́ AS, ó sì lè jẹ́ SS.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan mú ìwé ìpè ìgbéyàwó rẹ̀ wá fún mi. Mo béèrè bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò. Ó ní, 'A ti ṣe é, sà, irú ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá.' Mo ní kí ó sọ ọ́ fún mi. O ni ó pè é. O ni òun, O ni ìyàwó àfẹ́sọ́nà. Wọn kò tíì ṣe èyí tí mo ń béèrè. Wọ́n padà lọ ṣe é, AS ni ọkùnrin, AA ni obìnrin, ọkàn wa sì balẹ̀. Ká ní AS ni àwọn méjèèjì ni, ní oyún kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe, ní ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ọmọ jẹ́ SS. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí ní Yorùbá fún ọdún mẹ́ta.

Àwọn kan yóò sọ pé àwa Yorùbá ti ń lo ẹ̀jẹ̀ fún ìran láti ọjọ́ pípẹ́, pé bí a bá ní ẹ̀jẹ̀ kan ni àwa àti lágbájá, gbogbo ayé mọ ohun tí a ń wí. Òótọ́ ni, kí a máa lò ó lọ nínú ewì àti nínú ìtàn. Ìwé tí ń sọ ti àyẹ̀wò kì í ṣe ewì. Fún O, A, B àti AB, a dábàá 'ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀'. A ti ń fi ìsọ̀rí kọ́ni nínú gírámà, kò ní í ṣàjèjì sí ọmọ kankan. Fún èkejì, 'jẹ́nótáìpù' ni àwọn ènìyàn ń pè é lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. Ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti fìdí múlẹ̀ ni, máàkì méjì sì tọ́ sí ẹni tí ó kọ ọ́.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé àwọn olùmáàkì. Olórí wa gbà pé kí a dá máàkì 'jẹ́nótáìpù' padà, ṣùgbọ́n ó ní kí 'irú ẹ̀jẹ̀' náà ṣì máa gba máàkì. Apá àkọ́kọ́ nínú ìdájọ́ náà tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ṣì ń bá a jiyàn lórí apá kejì.