Ẹni Tó Wọn Èjìká Ẹ̀gbọ́n Mi

Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni ó gbé ẹ̀rọ náà kúrò lára ẹ̀gbọ́n mi pátápátá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni ó sì tún gbé e padà bí ẹni tí kò débẹ̀ rí. Mo rò pé ó ti ṣìnà ni. Àwòrán àkọ́kọ́ kò burú lójú mi: ó mọ́ kedere, ó sì ti fi àmì sí ibi méjèèjì tó fẹ́ fi sí. Kí ló tún ń wá? Kí sì ni ti bébà pélébé tó lẹ̀ mọ́ igun ojú ẹ̀rọ, tí kò jẹ́ kí èèyàn rí iye tó jáde?

Pẹ́ńtà ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń na ọwọ́ ọ̀tún sókè kun àjà ilé onílé. Láti bí oṣù mẹ́rin, kò lè wọ bùbá mọ́ láìkérora. Bó bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn, ìrora á jí i lóru. Dókítà ní kó lọ ṣe scan èjìká, èmi ni mo sì bá a lọ. "Dókítà" ló ń pe obìnrin tó ń ṣe scan náà. Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín.

"Dádì, radiographer ni mí o. Dókítà á ka ohun tí mo bá kọ. Ẹ jókòó kí ẹ̀yìn yín nà, kí ẹ jẹ́ kí apá yín wà nílẹ̀ jẹ́ẹ́."

Ohun tó fẹ́ wọ̀n kéré. Lókè orí eegun apá, eegun kan wà tó yọ síta bí òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láàárín òrùlé yìí àti orí eegun apá ni iṣan kan tó ń bá wa gbé apá sókè ń gbà kọjá. Àlàfo yẹn ni wọ́n ń wọ̀n. Nínú X-ray, mìlímítà 7 sí 14 ni wọ́n sábà máa ń kà sí dáadáa. Bó bá ti wálẹ̀ kọjá 7, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé iṣan náà ti ya, yíya ńlá sì ni. Bí èèyàn bá gbé apá sókè, àlàfo náà á yí padà. Ìdí nìyẹn tí kò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ẹ̀gbọ́n mi fi jókòó bó ṣe fẹ́.

Ẹ̀rọ scan kì í ríran. Ó ń gbọ́ràn ni. Ó ń rán ìró tí etí wa kò lè gbọ́ sínú ara, ó sì ń dúró de gbohùngbohùn rẹ̀. Wọ́n ti ṣe é mọ́ ọn pé ìró ń rin mítà 1,540 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ẹran ara. Tí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà mílíọ̀nù, tí gbohùngbohùn sì lo 13 péré nínú rẹ̀ kó tó padà dé, ẹ̀rọ á sọ pé ohun tó kọlù jìn tó mìlímítà 10. Nínú ìṣirò, kò lẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí wọ́n kọjú rẹ̀ sí. Ọwọ́ ló mọ ìyẹn.

Mo wá tẹjú mọ́ ọwọ́ náà. Kò di ẹ̀rọ mú bí ẹni di ọmọ odó mú. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti mú un, pẹ̀lú ẹ̀sọ̀, bí èèyàn ṣe ń mú kálàmù. Ìka ọmọńdinrín rẹ̀ fara ti awọ ẹ̀gbọ́n mi, tó fi jẹ́ pé bí ẹ̀gbọ́n mi bá mí, ọwọ́ náà á bá a mí. Ó rọra yí i díẹ̀, ó rọra sún un díẹ̀, títí ìlà funfun méjì fi hàn: etí òrùlé lókè, ẹ̀yìn orí eegun apá nísàlẹ̀, tó rí kìrìbìtì bí ẹ̀yìn igbá. Ó ń wá ibi tí àwọn méjèèjì ti súnmọ́ ara wọn jù lọ. Lẹ́yìn náà ló fi àmì sí i, kì í ṣe ibikíbi lórí ìlà o, etí kan náà ni nígbà gbogbo, nítorí ìlà funfun yẹn fúnra rẹ̀ nípọn.

Ó tún ní, "Dádì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lé àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò yín, kí ìgúnpá yín kọjú sẹ́yìn." Ibi tí iṣan yẹn ti jáde lábẹ́ òrùlé rẹ̀ nìyẹn, a sì rí àmì dúdú kan láàárín rẹ̀. Àyà mi já. Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀. Ó da orí ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ bín-ń-tín, dúdú náà sì funfun, ó parẹ́. Iṣan rí bí ọwọ̀ tí wọ́n dì pọ̀: bí ìró bá kọlu àwọn òwú rẹ̀ tààrà, á padà, bó bá fi ẹ̀gbẹ́ kọlù wọ́n, gbohùngbohùn á gba ibòmíràn lọ, ibẹ̀ á sì ṣókùnkùn bí ẹni pé ó ya. Ẹni tí kò bá tíì gbó nínú iṣẹ́ yìí lè kọ ihò sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ihò.

Ẹni tó bá ti ra gàrí lọ́jà rí mọ̀ pé kọ́ńgò kan náà kì í fìgbà gbogbo wọn iye kan náà. Ìyá kan á bù ú kó ga bí òkè, òmíràn á fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ dànù. Kódà ìyá kan ṣoṣo lè má wọn ti alẹ́ bó ṣe wọn ti àárọ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń bi ìwọ̀n èjìká léèrè nìyẹn: bí ẹni kan náà bá tún un wọ̀n, ṣé iye kan náà ló máa rí? Ṣé ẹlòmíràn á rí ohun tó rí? Ìbéèrè kẹta ló le jù: ṣé iye tó rí náà tọ̀nà? Kọ́ńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú kì í yí iye padà láàárọ̀ lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ń rẹ́ni jẹ.

Ní 1986, Louis Bigliani àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pín eegun òrùlé yìí sí oríṣi mẹ́ta: èyí tó tẹ́, èyí tó tẹ̀, èyí tó ká bí ìkọ́. Ó rọrùn láti kọ́, ó sì tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé X-ray kan náà fún oníṣègùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, léraléra ni ohun tí èyí pè ní títẹ̀ ń di ìkọ́ lójú ẹlòmíràn. Ọdún yẹn náà ni Martin Bland àti Douglas Altman kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní Ìlú Ọba. Wọ́n ní bí ẹni méjì bá wọn nǹkan kan, ká má wulẹ̀ wò ó bóyá iye wọn jọ ń gòkè, ó jọ ń sọ̀. Ẹni tó bá ń fi mìlímítà 2 lé gbogbo ìwọ̀n á máa bá ẹnì kejì rẹ̀ gòkè sọ̀ láìyẹsẹ̀. Ẹ yọ iye èyí kúrò nínú ti èyí, kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù.

Obìnrin yìí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, ṣùgbọ́n mo wá rí ìdí tó fi ń gbé ẹ̀rọ kúrò. Bó bá di àwòrán kan mú, tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àmì tó ń fi sí i nìkan ló dán wò. Bó bá gbé e kúrò, tó tún wá ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló dán wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń ṣí bébà wo iye, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ka ti àkọ́kọ́ sókè, obìnrin náà dá a lẹ́kun: "Má kà á fún mi. Bí mo bá ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi á máa wá a lọ."

Ó ṣe ọwọ́ òsì bákan náà kó tó ní kí ọmọ náà kà. Ọ̀tún: 9.2, 9.0, 9.4. Òsì: 8.7, 9.0, 8.7. Ẹ̀gbọ́n mi yára ṣírò rẹ̀.

"Èyí tí kò dùn mí ló wá fún jù? Ṣé òun náà ti ń bàjẹ́ ni?"

"Rárá o, Dádì. Ẹ wo ti ọ̀tún: 9.0 sí 9.4. Ara kan náà ni, ọwọ́ mi ló mú ìyàtọ̀ yẹn wá. Ìyàtọ̀ apá yín méjèèjì kò jù ú lọ. N kò lè kọ ọ́ pé mo rí nǹkan níbẹ̀."

Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ iṣẹ́ wọn. Ẹni tó mọ bí àṣìṣe ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tóbi tó, débi pé ó lè fi nọ́ńbà pè é, kò wọ́pọ̀.

Kò sì ní kí ìwọ̀n sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Ní 1995, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde: wọ́n ti fi MRI wo èjìká èèyàn 96 tí kò dùn wọ́n rárá. Ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní iṣan tó ya, yálà díẹ̀ tàbí pátápátá; nínú àwọn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ìdá 54 ni. Yíya lè wà kí ìrora má sí, ìrora sì lè wà kí àwòrán má rí nǹkan kan. Nítorí náà, ohun tó kọ fún dókítà kò gùn: iṣan kò ya, iye báyìí ni àlàfo, bí aláìsàn ṣe jókòó, ibi tí apá rẹ̀ wà, iye ìgbà tí òun wọ̀n ọ́n, kí dókítà fi wé ohun tí òun fúnra rẹ̀ bá rí lára aláìsàn. Ẹlòmíràn lè mú ìwé yẹn lọ́la kó tún iṣẹ́ náà ṣe.

Nígbà tí a jáde, ọwọ́ òsì ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń de bọ́tìnì, ọ̀tún ṣì ń dùn ún. Mo bi í bóyá inú ń bí i pé wọn kò rí nǹkan kan. Ó mirí.

"Bí mo bá ń po ọ̀dà kó lè bá ti ara ògiri mu," ó ní, "mo máa ń jáde síta ná, kí n tó padà wá wò ó. Ojú tó bá pẹ́ lára nǹkan, ohun tó fẹ́ rí ló máa ń rí. Obìnrin yẹn náà ń jáde síta."